Ẹ̀bẹ̀ Tí Ọlọ́pàá Kọ Sílẹ̀

Àtàláátà, 11 Méè 1954

Wọ́n mú Fàtáì àbúrò mi lánàá. Láti àárọ̀ ni gbogbo agboolé ti ń sọ ọ́, kálukú sì ní bó ṣe ń sọ tirẹ̀. Ìyá Memunat ti sọ ọ́ di pé ó fi sísọ́ọ̀sì gún èèyàn. Ẹ ò rí nǹkan! Mo jókòó kọ èyí tó jẹ́ òótọ́ kí tiwọn tó bò ó mọ́lẹ̀.

Àlájì Kàsímù, ọ̀rẹ́ bàbá wa, tó ń ta aṣọ ní Balógun, ló ń kọjá lọ kírun, ló bá rí àrán aláwọ̀ ewé lórí tábìlì tí Fàtáì fi ń ránṣọ. Àrán tí wọ́n jí kó ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni, àmì rẹ̀ ṣì wà létí aṣọ. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Ṣàíbù ló gbé e fún Fàtáì pé kó bá òun fi rán agbádá ọdún. Àlájì kò bi í léèrè o. Ó yí padà, ó lọ mú sájẹ́ǹtì àti kọ́ńsítébù kan wá. Bí Fàtáì ṣe rí bí ojú Àlájì ṣe le, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójúde: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, ẹ dárí jì mí sà." Ta ni kò ní dọ̀bálẹ̀? Ọ̀rẹ́ bàbá ẹni dúró lé ẹni lórí tìbínútìbínú, ṣé èèyàn á wá máa wò ó bí màlúù ni?

Wọ́n mú un lọ. Ṣàíbù ní tirẹ̀ ti fẹsẹ̀ fẹ, kò sẹ́ni tó rí i mọ́. Wọ́n tún palẹ̀ gbogbo aṣọ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù mọ́, aṣọ tí àwọn èèyàn fẹ́ fi ṣọdún.

Ìyá wa kò lè jẹ sààrì. Ata tọ́rọ́ ti di sísì.

Àlàárùbá, 12 Méè

Bashiru wá. Ọmọ àbúrò bàbá wa ni, ó ń ṣe akọ̀wé fún lọ́yà kan ní Lafiaji, imú ló fi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́yà rẹ̀ ti gbà láti bá wa ṣe ẹjọ́ náà. Mo ní kó máa kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí mi ò ní lọ jókòó sí kóòtù kí n máa wo ẹnu òyìnbó lásán. Ìwé mẹ́fà tí mo kà kò dé ibẹ̀.

'Charge' ni ẹ̀sùn. Ti Fàtáì kì í ṣe olè. 'Receiving' ni wọ́n pè é, pé ó gba ohun tó mọ̀ pé wọ́n jí. Bashiru ní ibi tí ẹjọ́ náà wà gan-an ni mímọ̀ yẹn. Tí wọn kò bá lè fi hàn pé ó mọ̀, ó ń bọ̀ nílé. Tí wọ́n bá fi hàn, ẹ̀wọ̀n ni, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀.

Mo ní, "Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ọmọ ọlọ́mọ?"

Ó wúkọ́. Ó ní, "Àǹtí Afusat, ṣé ẹ gbọ́ pé ó ní kí Àlájì dárí ji òun? Kọ́ńsítébù kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò ṣẹ̀ kì í tọrọ ìdáríjì. 'Confession' nìyẹn, pé ó ti jẹ́wọ́."

Mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo rí i pé kò rẹ́rìn-ín ni tèmi náà gbẹ.

Jímọ̀, 14 Méè

A dé kóòtù láàárọ̀ kùtù, a jókòó títí oòrùn fi gun orí. Wọ́n mú Fàtáì jáde pẹ̀lú bùbá tí wọ́n fi mú un. 'Accused', ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Adájọ́ òyìnbó náà kò pe orúkọ Fàtáì rárá. Wọ́n bi í bóyá ó jẹ̀bi, ó ní 'Not guilty' bí Bashiru ṣe kọ́ ọ, ló bá tún fi "ẹ jọ̀ọ́ sà" tì í lẹ́yìn. Bashiru fọwọ́ bojú.

Lọ́yà tọrọ 'bail', pé kó máa ti ilé wá jẹ́jọ́. Adájọ́ gbà, àmọ́ onídùúró gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó nílé tirẹ̀ l'Ékòó. Bàbá Àrẹ̀mú, olórí ẹbí wa, dìde fùú, wọ́n ní àwọn nílé. Adájọ́ ní kí wọ́n mú ìwé ilé wá. Ìwé wo? Ilé ẹbí ni! Ó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá bàbá wa. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí, gbogbo wa la nílé, kò sì sẹ́ni tó nílé. Wọ́n dá Fàtáì padà sí àhámọ́. 'Remand' lorúkọ ìyẹn. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ lẹ́nu.

Àtìní, 17 Méè

Àwọn tó ni aṣọ tí ọlọ́pàá kó dé. Hàwáwù tó ń ta bàtà ló kọ́kọ́ dé, ohùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ wọlé.

"Afusat, léèsì mi dà?"

"Ó wà ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Wọ́n ti sọ ọ́ di 'exhibit'."

"Kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ohun tó ń bá wọn jẹ́rìí ní kóòtù."

"Ẹ̀rí kẹ̀? Léèsì mi ò mọ nǹkan kan! Kí wọ́n jẹ́ kó máa bọ̀ jàre!"

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ ẹni tó tẹ̀ lé e, mo bẹ tọkọtaya kan láti Òkè Pópó, mo kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà kan tó gbé ṣẹ́dà wá. Ẹnu ààwẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìgbà ìṣínu. Ìgbà tí mo jókòó ni mo rántí pé mi ò jí aṣọ ẹnì kankan.

Àlàmísì, 20 Méè

Mo gbé oúnjẹ ìṣínu lọ fún Fàtáì. Ó ti rù. Ó ní àwọn wọ́dà máa ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, òun á ní "ẹ má bínú sà" kí òun tó kọjá, wọ́n á sì pariwo pé ẹni tó fi ẹ̀bẹ̀ ra ẹ̀wọ̀n ti dé. Ó ní òun ti ń pa ẹnu òun mọ́ báyìí.

Mo ní kó má dá wọn lóhùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe àwọn ló ń bà mí lẹ́rù, ẹnu ara mi ni." Mo sún abọ́ oúnjẹ mọ́ ọn.

Sọ́ńdè, 23 Méè

Ìpàdé ẹbí. Bàbá Àrẹ̀mú ní kí gbogbo wa múra kí a lọ bẹ Àlájì Kàsímù, pé ó ti pẹ́ jù, irú èèyàn wo la jẹ́ gan-an. Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò. Gbogbo ilé ní àṣẹ. Bashiru fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ ta.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lọ! Tí a bá lọ bẹ̀ ẹ́, ọlọ́pàá á ní gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé ó jẹ̀bi."

"A ò sì ní bẹ̀bẹ̀ kẹ̀? Ẹni tí a bá bẹ̀ níí gbà."

"Kódà tí Àlájì bá gbà, kì í ṣe Àlájì ló pè é lẹ́jọ́ mọ́. Àlájì ti di 'complainant', afẹjọ́sùn lásán. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé ẹjọ́: Ọbabìnrin ló ń bá Fàtáì ṣẹjọ́."

Ìyá wa tí kò tíì sọ̀rọ̀ gbójú sókè. "Ọbabìnrin wo? Ti ìlú òyìnbó? Kí ló kàn án nínú àrán?" Wọ́n rò ó díẹ̀. "Ta ló mọ ilé rẹ̀ tó lè bá wa bẹ̀ ẹ́?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Ìyá wa kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi í tọkàntọkàn ni.

Jímọ̀, 28 Méè

Mo pàdé Àlájì Kàsímù ní Balógun lónìí, níbi tí mo ti lọ kó bọ́tìnnì tí mo ń tà. Mi ò rí ibi sá sí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ìkíni lásán ni mo kí wọn o. Ọ̀rọ̀ "ẹ má bínú, sà" dé ọ̀nà ọ̀fun mi, mo gbé e mì, ó dà bí ẹni pé mo gbé egungun ẹja mì.

Wọ́n dúró, wọ́n ń retí. Ìgbà tí mi ò sọ nǹkan kan, wọ́n ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Bàbá yín ì bá wà láyé, ẹ ò jẹ́ ṣe èyí. Èmi pẹ̀lú bàbá yín la jọ ra ìsọ̀ yìí. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mélòó, ẹnì kan ò yọjú sí mi!" Ojú wọn pọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n ni, mo sì rí i pé kì í ṣe nítorí àrán.

Mo wá kórìíra Bashiru àti Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pọ̀ títí mo fi délé.

Àtàláátà, 1 Júùnù

Òjò láti òru. Òrùlé ń jò sórí àpótí bọ́tìnnì. Mi ò tà.

Àlàmísì, 3 Júùnù

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. A kírun ní Yídì nínú ẹrẹ̀. Aṣọ èṣí ni gbogbo wa wọ̀, kò sẹ́ni tó ráyè ṣe oge. Nígbà tí a dé, mo wá ìyá wa kí a jọ se oúnjẹ àwọn ará ilé, mi ò rí wọn. Bàbá Àrẹ̀mú náà ò sí. Kí n tó gbé ìkòkò ka iná, ara ti fu mí.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé. Ilé Àlájì ni wọ́n lọ. Ìyá wa jókòó, wọ́n tú gèlè. Wọ́n ní, "Mo kúnlẹ̀, mo ní kó dárí ji ọmọ mi. Ó gbé mi dìde. Ó ní ohun tí òun ti ń retí nìyẹn. Ó sọkún, Afusat. Ó ní òun lọ bá ọlọ́pàá láti àárọ̀ òní pé òun ò ṣe mọ́. Wọ́n lé òun. Wọ́n ní kò sí lọ́wọ́ òun mọ́."

Mi ò lè bínú sí wọn. Mo bu oúnjẹ fún wọn, wọ́n jẹ ẹran kan.

Jímọ̀, 4 Júùnù

Bashiru gbọ́. Ó fò sókè, ó fò sílẹ̀. Ó ní "Ẹ ti fi ọwọ́ ara yín gbé e fún wọn!" Mo jẹ́ kó pariwo tán, mo wá ní, "Bashiru, nígbà tó o dé lónìí, kí lo kọ́kọ́ wí fún ìyá wa?"

Ó ronú. "Mo ní kí wọ́n má bínú pé mi ò wá lánàá."

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo lo ṣẹ̀ wọ́n?"

Ó gbé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Àlàárùbá, 9 Júùnù

Kóòtù. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. 'Adjourned.' Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ràn jù níbẹ̀. Fàtáì wò wá látòkèèrè, kò mira.

Àtàláátà, 22 Júùnù

Mo fẹ́ kọ èyí kí n tó gbàgbé ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

Òjò ń rọ̀ gan-an. Wọ́n ti pe ẹjọ́ kí Àlájì Kàsímù tó dé. Wọ́n wọlé pẹ̀lú agbádá tútù, bẹ́ńṣì ti kún, wọ́n ní láti gba iwájú gbogbo wa kọjá. "Ẹ má bínú o. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú." Orúnkún kan, ẹ̀bẹ̀ kan. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ògbufọ̀, wọ́n tẹrí ba fún òun náà: "Ẹ dárí jì mí, òjò ni." Mo gbọ́ ọ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ ayé mi, kò fẹ́ wọ̀ mí létí pàápàá. Ìgbà tí wọ́n jókòó tán ló wá gbọ̀n mí jìgì. Mo na ọwọ́, mo fa ẹ̀wù Bashiru lẹ́yìn. Mo sọ ọ́ sí i létí. Ó wò mí, ó dìde, ó lọ sọ ọ́ sétí lọ́yà.

Àlájì gbé Kùránì dání, wọ́n búra. Ọlọ́pàá tó ń rojọ́ fún Ọbabìnrin bi wọ́n ní ohun tí Fàtáì ṣe nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù. "Ó dọ̀bálẹ̀." Kí ló wí? "Ó ní kí n dárí ji òun." Ṣé ẹbí rẹ̀ wá bẹ̀ yín? Àlájì wo ibi tí ìyá wa jókòó. Wọ́n ti búra. "Wọ́n wá." Adájọ́ ń kọ ọ́. Mo gbọ́ bí bírò rẹ̀ ṣe ń họ ìwé. Ìyá wa di ọwọ́ mi mú, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ.

Lọ́yà wa wá dìde. 'Cross-examine' nìyẹn, kí lọ́yà wa máa bi ẹlẹ́rìí wọn léèrè. Ó rọra ń sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ nǹkan kan.

"Àlájì, láàárọ̀ yìí, ẹ bẹ gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì yẹn kí ẹ tó jókòó. Kí lẹ jí lọ́wọ́ wọn?"

Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá pariwo "Order!" Àlájì ní, "Mo fẹ́ kọjá ni."

"Ẹ ní kí ògbufọ̀ dárí jì yín. Ṣé ẹ ti ṣẹ̀ ẹ́ rí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

"Ó dáa. Ní ọjọ́ tẹ́ ẹ mú ọlọ́pàá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Fàtáì, ká ní Fàtáì dúró gan-an, tó ń wò yín lójú, tí kò bẹ̀ yín rárá. Kí lẹ̀ bá rò?"

Àlájì wo Kùránì tó wà níwájú wọn.

"Ǹ bá ní kò lẹ́kọ̀ọ́."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ǹ bá ní ó dá mi lójú pé òun ló jí i."

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Adájọ́ gbé bírò sílẹ̀, ó ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Ó wo Àlájì, ó wo Fàtáì, ó wá gbé bírò rẹ̀ padà, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́yà tún bi wọ́n nípa ìyá wa. Àlájì kò dúró de ògbufọ̀ rárá. Wọ́n ní, "Tí wọn ò bá wá, mi ò ní kí wọn mọ́ títí mo fi máa kú. Ìbínú pé wọ́n pẹ́ ló pọ̀ lára mi." Wọ́n nawọ́ sí Fàtáì. "Ọmọ náà kò mọ nǹkan kan. Ojú mi ló dẹ́rù bà á. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, wọn ò gbà mí láyè láti sọ ọ́."

Ọlọ́pàá ní àwọn lòdì sí i. Adájọ́ ní òun ti gbọ́.

Àlàmísì, 24 Júùnù

'Discharged and acquitted.' Bashiru túmọ̀ rẹ̀ fún wa kí ògbufọ̀ tó lanu. Ọ̀kan ni pé wọ́n dá a sílẹ̀. Èkejì ni pé wọn ò tún lè pè é lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́ láéláé. Mo ní kó tún un sọ fún mi, ó tún un sọ. Kò sí ìgbà tí imú rẹ̀ dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Alhamdulilai.

Níta, Àlájì dúró lábẹ́ agbòjò, wọ́n ń dúró dè wá. Ìyá wa fi ọwọ́ ti Fàtáì lẹ́yìn, "Lọ kí bàbá rẹ." Fàtáì lọ. Ó dúró níwájú wọn bí òpó, kò dọ̀bálẹ̀, kò tẹrí ba. Gbogbo wa ń wò ó. Bàbá Àrẹ̀mú ti ń jágbe, "Fàtáì!"

Àlájì gbọ́wọ́ sókè pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n wá ní, "Fàtáì, má bínú."

Àgbàlagbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ìyá wa tijú, wọ́n ń kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, Àlájì, ẹ jọ̀ọ́." Fàtáì ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì ń lọ.

Nílé, wọ́n se adìẹ. Ó jẹun, ó sùn. Ìyá wa ní, "Ọmọ mi ti dé." Nígbà tó yá wọ́n tún ní, "Ẹnu rẹ̀ ò tíì dé."

Àlàmísì, 1 Júláì

Wọ́n dá àwọn aṣọ padà. Ọ̀rinrin ti mú wọn, àmì dúdú ti hù sára léèsì Hàwáwù. Ó gbé e sókè síta, ó fi hàn gbogbo àdúgbò. Fàtáì ń wò ó. Ó kàn ní òun á bá a fọ̀ ọ́. Kò fi nǹkan kan kún un, Hàwáwù sì túbọ̀ ń gbóná. Ó ní, "Ẹ wo ojú rẹ̀! Kò tilẹ̀ bẹ̀ mí!"

Ni mo bá kúnlẹ̀. "Hàwáwù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe, ẹ dárí jì wá." Ó rọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ní ohun tí òun ń retí láti àárọ̀ nìyẹn. Ó lọ.

Fàtáì dúró ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bá mi bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀."

Kò pariwo. Mo wọ yàrá, mo sọkún níbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti mú un.

Sátidé, 10 Júláì

Òjò. Àwọn èèyàn ti ń gbé aṣọ Iléyá wá fún Fàtáì. Àlájì Kàsímù fi ìdìpọ̀ àrán aláwọ̀ ewé ránṣẹ́, wọ́n ní kó fi rán agbádá fún ara rẹ̀. Ó gbé e sórí àjà, kò wò ó, kò sì dá a padà.

Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án, mo ń ṣa bọ́tìnnì. Bàsíà tí a gbé sábẹ́ ibi tó ń jò ti kún. Fàtáì gbé e, ó da omi rẹ̀ síta láìwo iwájú, fàà, ó sì bà sí ara bàbá kan tó ń kọjá, láti orúnkún dé bàtà.

"Yéè! Ẹ má bínú, bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, mi ò rí yín!"

Ó ti wà nílẹ̀, àyà rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀. Lójijì ó dákẹ́. Ó gbórí sókè, ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, dé ìkángun ọ̀nà.

Bàbá náà gbọn ẹsẹ̀. "Dìde, ọmọ mi. Òjò ti rẹ mí kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ." Wọ́n bá tiwọn lọ.

Fàtáì dìde, ó nu àyà, ó gbé bàsíà padà sábẹ́ ibi tó ń jò. Mo ń ṣa bọ́tìnnì mi, funfun sọ́tọ̀, dúdú sọ́tọ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ àfi èmi.